Àwòrán Kò Lẹ́nu: Orúkọ Àwọn Ìyá Tó Wọ́de Dà?

Kò sí fọ́tò Ẹfúnṣetán Aníwúrà tí ẹnikẹ́ni lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun gan-an nìyí. Wọ́n pa Ìyálóde Ìbàdàn náà ní ọdún 1874, kámẹ́rà ò sì tíì di ohun tí à ń gbé kiri Ọjà'ba nígbà yẹn. Síbẹ̀, ẹ dúró sí ẹsẹ̀ òkè Mápó lónìí, kí ẹ dárúkọ rẹ̀ fún ọmọ ilé ìwé tó ń kọjá lọ. Yóò dá yín lóhùn. Òmíràn á ní ìkà ni, òmíràn á ní wọ́n purọ́ mọ́ ọn ni. Láti ìgbà tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá ti gbé eré rẹ̀ jáde ní 1970, àríyànjiyàn yẹn ò tíì tán. Obìnrin náà ní orúkọ, kò ní fọ́tò, ó sì wà lẹ́nu wa títí di òní.

Ẹ wá wo òdìkejì rẹ̀ lórí fóònù yín. Ẹ wá fọ́tò ìwọ́de àwọn obìnrin ilẹ̀ Yorùbá. Ẹ óò rí àwọn ìyá tó ró ìró, tí wọ́n wé gèlè, tí ọwọ́ wọn wà lókè, tí ẹnu wọn là sílẹ̀. Ẹ óò sì rí ohun tí ẹni tó gbé e síta kọ sábẹ́ rẹ̀: àwọn ìyá wa akọni. Ó parí. Àwọn wo? Ọmọ agboolé wo? Kí ni wọ́n ń sọ nígbà tí ẹnu wọn là yẹn? Àwọn yìí ní fọ́tò, wọn ò ní orúkọ.

Ọ̀rọ̀ wa ò ju ẹyọ kan lọ. Fọ́tò ìwọ́de tí kò ní orúkọ àti ọ̀rọ̀ àwọn tó wà nínú rẹ̀, àbọ̀ iṣẹ́ ni. Àbọ̀ tó kù, iṣẹ́ àwa tí à ń kọ́ ìmọ̀ Yorùbá ní yunifásítì ni. A ò ṣe é, a sì ń fi àkókò ṣòfò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo òkè òkun díẹ̀, nítorí ibẹ̀ la ti lè rí bí iṣẹ́ yìí ṣe máa ń rí nígbà tí wọ́n bá ṣe é pé. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1981, àwọn obìnrin kan fi ẹsẹ̀ rìn kúrò ní Cardiff ní ilẹ̀ Wales. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án, wọ́n dé Greenham Common, ibùdó ọmọ ogun òfuurufú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí Amẹ́ríkà ti fẹ́ kó ohun ìjà átọ́míìkì sí. Wọ́n ní àwọn ò gbà. Wọ́n pàgọ́ sí ẹnu ọ̀nà ibùdó náà, wọn ò sì lọ. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1982, nǹkan bí 30,000 obìnrin fọwọ́ kọ́wọ́ yí ọgbà náà ká. Nígbà tó di àfẹ̀mọ́jú ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1983, àwọn 44 nínú wọn gun wáyà wọlé, wọ́n gun orí òkìtì tí wọ́n ń mọ fún àwọn ohun ìjà náà, wọ́n sì ń jó níbẹ̀ yíká yíká kí ọlọ́pàá tó dé. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Raissa Page ló ya fọ́tò ijó yẹn. Fọ́tò náà kárí ayé.

Kí fọ́tò yẹn tó jáde, àwọn ìwé ìròyìn kan ti ń pe àwọn obìnrin náà ní onídọ̀tí, wọ́n ní wọ́n sá fi ọkọ àti ọmọ sílẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń ya fọ́tò rí i pé bí àwọn ò bá yà á fúnra àwọn, ojú tí ìwé ìròyìn fẹ́ fi wo ìwọ́de náà ni gbogbo ayé yóò fi wò ó. Ní ọdún 1983 kan náà, wọ́n dá ilé iṣẹ́ fọ́tò kan sílẹ̀ ní London, Format ni wọ́n pè é, obìnrin nìkan ló sì wà nínú rẹ̀. Raissa Page wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní 1991, wọ́n kó èyí tó kù nínú àwọn ohun ìjà náà kúrò ní Greenham. Àgọ́ àwọn obìnrin náà ò sì kúrò títí di ọdún 2000.

Ẹ ṣàkíyèsí pé kì í ṣe fọ́tò nìkan ló gbé Greenham ró. A mọ ọjọ́, a mọ iye àwọn tó gun òkìtì yẹn, a mọ orúkọ ẹni tó ya fọ́tò. Àwọn kan ti gba ohùn ọ̀pọ̀ lára àwọn obìnrin náà sílẹ̀, wọ́n sì ti kọ orin wọn sínú ìwé. Ọmọ tí wọ́n bí ní 2005 lè wo fọ́tò yẹn kó sì mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Fọ́tò wọn ní ẹnu.

Ẹnì kan lára yín ti ń sọ ọ́ nínú ọkàn rẹ̀ báyìí pé, “Ọ̀rọ̀ bọ́ǹbù átọ́míìkì kọ́ ló kàn wá ní Bẹẹrẹ.” Ẹ dákun, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1960, ìjọba Faransé yin bọ́ǹbù átọ́míìkì rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Reggane, nínú aṣálẹ̀ Sàhárà, ní ilẹ̀ Àlùjíríà. Àsìkò ọyẹ́ ni. Ẹni tó bá ti jí láàárọ̀ ọyẹ́ lórí òkè Mápó, tó rí i tí eruku bo páànù Ọjà'ba àti Bẹyẹrúnkà mọ́lẹ̀ tí a ò fi lè rí òdìkejì ìlú mọ́, ó mọ ibi tí atẹ́gùn yẹn ti ń fẹ́ wá. Apá aṣálẹ̀ ló ti ń bọ̀. Eruku yẹn ló ń bà sórí èlùbọ́ tí wọ́n sá, sórí ata tí wọ́n tẹ́, sínú ìkòkò omi tí kò ní ìdérí. Ta ló ń sá èlùbọ́? Ta ló ń pọn omi? Bí atẹ́gùn bá gbé májèlé wá, ọwọ́ àwọn ìyá ló kọ́kọ́ máa dé.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi gbóná nílẹ̀ Áfíríkà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1959, kí wọ́n tó yin ti àkọ́kọ́ rárá, àwọn kan gbéra láti Accra láti lọ dí ọ̀nà ibi tí wọ́n ti fẹ́ yìn ín. Bayard Rustin láti Amẹ́ríkà àti àlùfáà Michael Scott wà lára wọn. Wọ́n dá wọn dúró nígbà tí wọ́n wọ ilẹ̀ tí à ń pè ní Burkina Faso lónìí. Faransé yin òmíràn ní oṣù Kẹrin ọdún 1960, ó tún yin ẹ̀kẹta ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá, lẹ́yìn tí Nàìjíríà ti gba òmìnira. Kò pẹ́ rárá, ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1961, ìjọba Tafawa Balewa lé aṣojú Faransé kúrò ní ìlú. Orílẹ̀-èdè tí kò tíì pé oṣù mẹ́rin tó gba òmìnira ló ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ àlàáfíà àti bọ́ǹbù kò kan ilé wa, ó yẹ kó tún ìtàn kà.

Ó sì ní obìnrin kan láti apá ọ̀dọ̀ wa tó wà láàárín ọ̀rọ̀ àlàáfíà àgbáyé yìí ṣáájú ìgbà náà: Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì. Gbogbo wa la mọ ti Abẹ́òkúta. Ní 1946, ẹgbẹ́ rẹ̀ di Abeokuta Women's Union. Ní ìparí ọdún 1947, àwọn obìnrin tó ju 10,000 lọ dó sí iwájú ààfin nítorí owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi orí ìtẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà kan. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í rántí ni èyí tó tẹ̀ lé e. Ìyá náà di ọ̀kan lára àwọn igbákejì ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin àgbáyé tí wọ́n ń pè ní Women's International Democratic Federation, ẹgbẹ́ tó ń jà fún àlàáfíà, tó sì ń tako bọ́ǹbù átọ́míìkì. Ó dé ilẹ̀ Ṣáínà ní 1956. Ní 1957, ìjọba kọ̀ láti tún ìwé ìrìnnà rẹ̀ ṣe fún un, wọ́n ní wọ́n ń bẹ̀rù ìrìn rẹ̀. Ní 1970, ilẹ̀ Soviet fún un ní ẹ̀bùn àlàáfíà Lenin.

Ìwé àti lẹ́tà rẹ̀ wà ní Kenneth Dike Library, ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ wọ Micra ní Bẹẹrẹ, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi débẹ̀. A bi yín ní ìbéèrè kan ṣá: mélòó nínú àwa tí à ń kọ́ Yorùbá ló ti lọ béèrè fún páálí kan nínú wọn rí? A máa ń fi fọ́tò rẹ̀ sí ojú ewé wa ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹta tí í ṣe ọjọ́ àwọn obìnrin, ó di ọdún mìíràn.

Òun gan-an sì ti ṣe oríire, nítorí ó kàwé, ó kọ lẹ́tà, ó tọ́jú ìwé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ wò nínú fọ́tò yẹn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìyá aláṣọ, ìyá alápò, ìyá eléèlùbọ́ tó sùn síta, tí ọlọ́pàá lé kiri, tí a wá ń pè ní èrò. Wọn kì í ṣe èrò. Ìyá ènìyàn ni olúkúlùkù wọn. Ẹnì kan ń jẹ́ Àbẹ̀kẹ́ níbẹ̀. Ẹnì kan ló dá orin, àwọn yòókù ló gbè é. Ta ló dá a?

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti kan ẹ̀ka wa. Ìwọ́de obìnrin nílẹ̀ Yorùbá, ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe é. Orin ni wọ́n fi ń jà. Wọ́n á fi orin bú ẹni tó jẹ gàba lé wọn lórí, wọ́n á fi orin dárúkọ rẹ̀, wọ́n á fi orin sọ ohun tí ojú rẹ̀ máa rí. Bí wọ́n bá so gèlè mọ́ ìdí, ó ní ohun tí wọ́n ń sọ. Bí wọ́n bá gbé ewé lọ́wọ́, àrokò ni. Kámẹ́rà rí ewé, kò mọ àrokò. Kámẹ́rà rí ẹnu tó là, kò gbọ́ orin. Ẹni tó ní ẹ̀kọ́ láti ka ewé yẹn, láti kọ orin yẹn sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn tó péye, àwa ni. Onímọ̀ ìtàn lè bá wa wá ọjọ́, oníròyìn lè bá wa wá fọ́tò. Orin yẹn, bí a ò bá gbà á sílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa gbà á.

Ẹ wo ohun tí ẹyọ orúkọ kan lè ṣe. J. D. 'Okhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn yìí ní 1954, ó ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá òkùnkùn ilé iṣẹ́ ìròyìn ìjọba. Nígbà tó yá, ó di ayafọ́tò ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn. Láti 1968 ló ti ń ya irun àwọn obìnrin, títí tó fi di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀. Ẹ̀yìn orí ló sábà máa ń yà, ó sì máa ń kọ orúkọ irun náà sí i. Nítorí pé ó kọ ọ́, Onílé Gogoro ò sọnù. Ọmọ tí kò rí i rí lè béèrè ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Irun rí orúkọ tirẹ̀ gbà. Ẹ wo bó ti burú tó pé ìyá tó fi ara rẹ̀ wewu níwájú ìbọn kò rí ohun tí irun rí.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa máa ń sọ pé, “Iṣẹ́ ìwé lítíréṣọ̀ là ń ṣe, a kì í ṣe ayafọ́tò.” A ti gbọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo àwọn prójẹ́ẹ̀tì tí à ń kọ. Àgbéyẹ̀wò òwe nínú ìwé lágbájá. Àgbéyẹ̀wò ìṣọwọ́lo-èdè nínú ìwé làmọ̀rín. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹlòmíràn á tún wá ṣe àgbéyẹ̀wò òwe nínú ìwé lágbájá kan náà. Ìwé lágbájá ò lọ síbì kan. Ó wà lórí pẹpẹ, yóò sì máa dúró dè wá. Ìyá tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní 1960 ti lé ní ọgọ́rin báyìí. Kò lè dúró dè wá. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ má bínú, ẹ̀yin náà ni ẹ máa ń fọwọ́ sí àkòrí wọ̀nyí.

Fọ́tò náà ò lè dúró dè wá. Fíìmù àtijọ́ kì í fẹ́ ooru, kì í fẹ́ ọ̀rinrin, méjèèjì ló sì pọ̀ ní Ìbàdàn. Bí ẹ bá ṣí páálí fíìmù tí òórùn kíkan bíi ti ọtí kíkan jáde níbẹ̀, ó ti ń bàjẹ́ nìyẹn. Omíyalé Ògùnpa ti oṣù Kẹjọ ọdún 1980 wọlé ọ̀pọ̀ èèyàn, ti oṣù Kẹjọ ọdún 2011 náà wọlé. Omi kì í béèrè bóyá ìtàn ló wà nínú àpótí. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ṣọ́ọ̀bù fọ́tò àtijọ́: láti ìgbà tí fóònù ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, bí baba bá kú, ọmọ á kó páálí síta kó lè fi ṣọ́ọ̀bù náà rẹ́ǹtì. Ibi tí páálí máa ń lọ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mọ̀ ọ́n.

Àtakò kan wà tí a gbọ́dọ̀ fún lésì dáadáa, nítorí ọ̀rọ̀ gidi ni. Wọ́n ní bí a bá kọ orúkọ ẹni tó wọ́de sábẹ́ fọ́tò, a ti tọ́ka rẹ̀ fún ọlọ́pàá nìyẹn. Òótọ́ ni. Lẹ́yìn ìwọ́de EndSARS ti oṣù Kẹwàá ọdún 2020, ẹ̀rù ba ọ̀pọ̀ èèyàn láti jẹ́ kí a rí ojú wọn. Aisha Yesufu, tí fọ́tò rẹ̀ nínú híjáàbù pẹ̀lú ọwọ́ tó nà sókè di ìlúmọ̀ọ́ká nígbà náà, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti wà níta tẹ́lẹ̀ ni. Kì í ṣe gbogbo ọmọbìnrin tó wà lójú títì ló lè gbà kí ojú òun kárí ayé bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn wa ni pé kíkọ orúkọ sílẹ̀ yàtọ̀ sí gbígbé e síta. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ tì í, kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni orúkọ ìgbà tí a lè ṣí i. Ẹ̀rù kò sọ pé kí a má ṣe mọ ara wa.

Èkejì tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2009, nígbà àtúndì ìbò gómìnà Èkìtì, àwọn ìyá jáde ní Adó-Èkìtì láìbo àyà wọn. Gbogbo ọmọ Yorùbá mọ ohun tí ìyá àgbà ń ṣe bó bá tú aṣọ síta. Èpè ni. Ó ní ẹni tí wọ́n dojú rẹ̀ kọ, ó sì ní ohun tó fà á. Kámẹ́rà gba èpè yẹn, ó sọ ọ́ di ìran àpéwò. Àwọn kan ń fi í rẹ́rìn-ín títí di òní. Èrò tiwa ni pé irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ kò yẹ lójú ewé ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé ọ̀rọ̀ àwọn ìyá náà wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè sọ ẹni tí èpè náà ń bá wí kò ní ẹ̀tọ́ láti fi ìhòòhò ìyá ẹlòmíràn han ayé.

Kí wá ni ká ṣe? Ìbàdàn àtijọ́ la fẹ́ ká ti bẹ̀rẹ̀, nítorí agboolé ṣì wà níbẹ̀. Ní Bẹyẹrúnkà tàbí ní Mápó, ẹ má gbé nọ́ńbà òpópónà dání, ìbéèrè tó ń ṣí ilẹ̀kùn ni pé ọmọ ilé ta ni. Ẹ fi fọ́tò han àwọn àgbà. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ sọ ilé tí ẹ ti wá. Ẹ béèrè orúkọ àbísọ, oríkì, àti orúkọ tí wọ́n ń pè é lọ́jà, nítorí ẹni tí kò mọ Ṣìfáwù lè mọ Ìyá Elépo. Ẹ béèrè ohun tó ń tà àti ibi tó ń jókòó sí. Ẹ béèrè orin tí wọ́n kọ lọ́jọ́ náà, kí ẹ gba ohùn rẹ̀ sórí fóònù, kí ẹ tó béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò náà sórí fóònù yín ní ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ, kí ẹ sì fi ojúlówó rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Ẹni tó bá gbé fọ́tò ìyá onílé lọ tí kò dá a padà, olè ni, ìbáà jẹ́ prójẹ́ẹ̀tì ló fẹ́ fi kọ. Bí wọ́n bá gbà yín láàyè láti kọ nǹkan sẹ́yìn fọ́tò, pẹ́ńsùlù ni kí ẹ lò, bírò máa ń là kọjá síwájú.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde, ẹ̀yin ni ẹ ní àpótí nílé. Ẹ ṣí i. Ẹ pe Màmá àgbà jókòó ní ọjọ́ Àìkú kan, kí ẹ gbé fọ́tò sí i lọ́wọ́, kí ẹ dákẹ́, kí ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀. A óò gba ohun tí ẹ bá fi ránṣẹ́, a óò tẹ̀ ẹ́ jáde pẹ̀lú orúkọ àti àmì ohùn, bí onítọ̀hún bá fọwọ́ sí i. Àwa tí a wà nílé ẹ̀kọ́ báyìí, a fẹ́ kí ẹ̀ka wa gbà á bíi prójẹ́ẹ̀tì: fọ́tò mẹ́wàá, orúkọ mẹ́wàá, orin tó bá wà níbẹ̀, àti àlàyé lórí èdè orin náà. Bí wọ́n bá ní kò jinlẹ̀ tó, kí wọ́n bá wa dé Ọjà'ba kí wọ́n wá wo bó ṣe jìn tó.

Orúkọ ló gbé Ẹfúnṣetán dé ọ̀dọ̀ wa láìní fọ́tò kankan. Àwọn ìyá tó wọ́de lẹ́yìn rẹ̀ ní méjèèjì nígbà tí wọ́n wà níbẹ̀. Ìdajì la ti jẹ́ kó bọ́. Ẹni tó lè sọ fún wa ohun tí wọ́n ń kọ lórin ṣì ń jókòó níwájú ilé kan ní Bẹyẹrúnkà. Ẹ jẹ́ ká lọ kí i.